Júdò: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ọdún 1964 ni júdò kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíḿpíìkì, ní ìlú Tokyo. Ilẹ̀ Japan ló ni eré ìjà yìí, àwọn ló sì gba mẹ́ta nínú àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Anton Geesink, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló gba ìkẹrin. Ó di Akio Kaminaga mọ́lẹ̀ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ títí àkókò fi pé. Geesink ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Japan kó tó di ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún Nàìjíríà. Ìjàkadì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Tokyo kan náà lọ́dún 2021, Blessing Oborududu gba fàdákà fún wa nínú rẹ̀. Síbẹ̀, títí dé ìdíje Paris lọ́dún 2024, a kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú júdò Òlíḿpíìkì.

Agbára nìkan kò tó. Olùkọ́ tó mọṣẹ́, ẹní tó nípọn àti ìdíje lóòrèkóòrè ló ń sọ ọmọ di akọni. A rọ ìjọba pé kí wọ́n gbé júdò dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀.