Ajá tó ń fa okùn kọ́ ló léwu, ajá tí kò mọ bí a ṣe ń jọ̀wọ́ ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń gé e jẹ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá rí ọmọdé tó di okùn tàbí àkísà mú ní ìkángun kan, tí ajá fi eyín di ìkángun kejì mú, tí àwọn méjèèjì sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọn á pariwo pé kí ọmọ náà jù ú sílẹ̀ kíákíá. Wọ́n gbà pé irú eré bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ajá di ẹhànnà, tó sì ń kọ́ ọ láti máa bá olówó rẹ̀ du ipò ọ̀gá. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni kò tọ́. Ohun tó yẹ kó máa ba olówó ajá lẹ́rù ni ajá tó ní agbára láti di nǹkan mú, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ rí bí a ṣe ń jọ̀wọ́ ohun tó wà lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ní ọdún 2002, Nicola Rooney àti John Bradshaw ti Yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ajá 14 tí í ṣe irú Golden Retriever ni wọ́n lò. Wọ́n bá ajá kọ̀ọ̀kan ṣe fàákájá ní ìgbà 20 tí wọ́n jẹ́ kí ó borí, àti ní ìgbà 20 mìíràn tí wọn kò jẹ́ kí ó borí. Bí ajá borí o, bí kò borí o, kò sí èyí tó tìtorí eré náà sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí ènìyàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn eré ni wọ́n túbọ̀ ń fetí sí àṣẹ. Lóòótọ́, ajá 14 tó jẹ́ irú kan náà kò tó láti fi búra fún gbogbo ajá ayé. Síbẹ̀, ó tó láti fi bi àwọn tó ń sọ pé okùn ló ń ba ajá jẹ́ léèrè pé níbo ni ẹ̀rí tiwọn wà.

Ẹ̀rí mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ajá tó ń gbóòórùn àdó olóró àti oògùn olóró kiri ní pápákọ̀ òfurufú káàkiri ayé. Owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹran. Bí ajá bá ti rí ohun tó ń wá, ọ̀gá rẹ̀ á yọ táwẹ̀lì tí wọ́n ká jọ tàbí okùn tí wọ́n hun, wọn á sì fà á díẹ̀. Bí eré yìí bá ń sọ ajá di ọlọ̀tẹ̀, àwọn aláṣẹ kò ní gbé e wọ àárín èrò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọdẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ajá ọdẹ tó bá lé ọ̀yà bá, tó sì gbá a mú, gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá dé. Èyí tí kò bá jọ̀wọ́, oúnjẹ ara rẹ̀ ló wá wá sínú igbó, kò bá ọdẹ dẹ ìgbẹ́. Ìdí nìyí tí ọdẹ gidi kì í fi í yin ajá nítorí pé ó mọ ẹran í mú nìkan. Mímú àti jíjọ̀wọ́ ni iṣẹ́ ajá.

Ní ìlú ńlá lónìí, apá kejì iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ajá tí wọ́n rà láti máa ṣọ́ géètì a máa wà lórí ẹ̀wọ̀n tàbí nínú àgò irin láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa fi igi tọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọgbà. Olówó rẹ̀ á ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣeré, kí ó má baà rọ̀. Ajá bẹ́ẹ̀ kò mọ eré, kò mọ àṣẹ, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ ọmọ àti ọwọ́ olè. Ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n bá já, ọmọdé ló sábà máa ń wà nítòsí.

Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbi tí àrùn dìgbòlugi ṣì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ajá ló ń kó àrùn náà ran ènìyàn nínú bí 99 nínú 100 ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, àti pé bí 40 nínú 100 àwọn tó ń pa ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé okùn lé ajá lẹ́nu, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ajá náà gbọ́dọ̀ ti pé. Bí eyín rẹ̀ bá sì ṣèèṣì bẹ́ ara, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Báwo wá ni a ṣe ń fa okùn láìsí ewu? Ẹ̀kọ́ ìjọ̀wọ́ ló ṣáájú. Lójú ajá, ohun tó bá ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń di eyín pọ̀. Kí olówó rẹ̀ dá ọwọ́ dúró, kí okùn má mì mọ́, kí ó sì na ẹran kékeré kan sí i nímú. Bí ó bá ti ń la ẹnu, kí ó sọ pé, “Fi sílẹ̀!” kí ó fún un ní ẹran náà, kí ó sì tún dá okùn padà fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ajá á mọ̀ pé jíjọ̀wọ́ kì í ṣe àdánù, òun ló ń mú kí eré tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ará ilé máa lò. Bí bàbá bá ń sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá ń sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, tí àwọn ọmọ kàn ń pariwo, ajá kò ní mọ èyí tí yóò gbọ́.

Kí okùn náà gùn dáadáa, kí ó sì nípọn, kí ọwọ́ ènìyàn lè jìnnà sí eyín. Igi, bàtà àtijọ́ àti aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ kò dára fún un: igi a máa gún ẹnu, bàtà àti aṣọ a sì máa kọ́ ajá pé ohun tó wà lára ènìyàn ṣeé fà. Okùn tó bá ti ń tú, kí a jù ú nù, nítorí òwú tí ajá bá gbé mì lè lọ́ ìfun rẹ̀ pọ̀. Kí a rọra fà á sọ́tùn-ún sósì ní ìwọ̀n gíga ọrùn ajá. Kí a má ṣe já a gbà lójijì, kí a má sì gbé ajá kúrò nílẹ̀, nítorí ọrùn àti egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ọmọ ajá tí eyín rẹ̀ ṣì ń pààrọ̀, títí di nǹkan bí oṣù méje, kò gbọdọ̀ fà á pẹ̀lú agbára rárá. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún eré náà, nítorí ooru a máa tètè mú ajá.

Kíkùn nìkan kì í ṣe ìbínú. Ajá tó ń kùn, tí ara rẹ̀ rọ̀, tó ń tẹ àyà sílẹ̀ tó sì ń gbé ìdí sókè, eré ló ń ṣe. Èyí tí ara rẹ̀ bá le gan-gan, tó dúró láìmira, tó sì ranjú mọ́ ènìyàn, kí a dá eré dúró. Bí eyín bá kan ara, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, eré parí nìyẹn fún ìgbà náà. Ajá tó ti bu ènìyàn jẹ rí nítorí oúnjẹ tàbí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí a kọ́kọ́ mú un lọ. Ní ti ọmọdé, kò gbọdọ̀ fa okùn pẹ̀lú ajá láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, ta ló ráyè bá ajá ṣeré? Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ àti táwẹ̀lì àlòkù kan ni gbogbo ohun tó ń gbà. Abẹ́rẹ́ tí ẹni tí ajá bù jẹ yóò gbà kì í ṣe ẹyọ kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Yorùbá sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi nínú òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó so ajá mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò fọn fèrè fún un lọ́jọ́ kan, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé etí ajá òun di.