Kọ́mpáǹdì Kì í Dá Ọ̀dà Ọkọ̀ Padà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó náwó: kọ́mpáǹdì tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀ kó lè dán kì í dá ọ̀dà tó ti ṣá padà. Ṣe ló ń ha á dànù. Èyí tó kù lábẹ́ ló ń dán lójú yín.

Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó ń ná Ìlíṣàn sí Ìrolù. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́kọ́ ṣá, ilẹ̀kùn ṣì lè máa dán. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, oòrùn máa ń wà ní gbọ̀ngán orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, ohun tó bá sì kọjú sókè ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ní àwọ̀ nísàlẹ̀, ohun kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì á wá bò ó lórí. Ìyẹn ni clear coat. Kò ju bíi 40 sí 50 máíkírọ̀n lọ, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírọ̀n ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí yín sábà máa ń nípọn jù ú lọ! Ìtànṣán ultraviolet tí ojú ò lè rí, pẹ̀lú ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ló ń já àwọn ẹ̀wọ̀n kẹ́míkà tó so ó pọ̀. Ojú rẹ̀ á wá rí gbágungbàgun, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó ta padà bíi ti dígí á fọ́n káàkiri. Òun la ń rí tá a fi ń sọ pé ọkọ̀ ti ṣá.

Nínú kọ́mpáǹdì, iyanrìn líle tó kúnná gan-an ló wà, aluminium oxide lọ́pọ̀ ìgbà, irú èyí tó wà lára sáńpépà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀ọ̀gbọ̀n kò burú, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ kéèyàn máa pa á ní gbogbo Iléyá àti Kérésì, kóló tí a ò lè fowó sí mọ́ lẹ ń fọ́ yẹn. Tí clear coat bá tán, ọkọ̀ á yọ làpálàpá. Kò sí kọ́mpáǹdì tó ń wo ìyẹn sàn.

Ẹ fi àkísà funfun dán an wò. Tí àwọ̀ ọkọ̀ bá yọ sára rẹ̀, àwọ̀ gan-an lẹ ń ha, bóyá nítorí pé ọkọ̀ náà kò ní clear coat rí, bíi ọ̀pọ̀ Peugeot 504 àtijọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa tòkunbọ̀ títí á fi máa kọ mànà, kí wọ́n tó gbé e síta fún ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó. Kò pẹ́ tí òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ má ra ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti etí òrùlé nínú oòrùn, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá ti pa tiyín, ẹ fi wáàsì bò ó, kẹ́ ẹ sì jáwọ́ nínú fífi Omo fọ̀ ọ́, torí ó ń bó wáàsì náà kúrò. Ibòji dára, àmọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ lábẹ́ igi náà ń jẹ ọ̀dà, ẹ tètè máa nù ún. Tí làpálàpá bá sì ti yọ, ẹ kówó kọ́mpáǹdì fún pẹ́ńtà.