Bọ́ọ̀lù Kọ́ Ni Ọ̀tá Ìwé Yorùbá

Ẹ̀sùn kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá: wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ kàwé mọ́. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí ń sùn lórí ìtàn àròsọ Yorùbá ni ó ń ka ìròyìn eré ìdárayá lédè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ tábìlì, tí kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìwé kíkà kò sú u. Ohun tí ó fẹ́ kà ni kò rí lédè ìyá rẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, tí wọ́n ń pè ní baseball, kì í ṣe eré lásán lójú àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀. Ní 1947, Jackie Robinson, ọmọ adúláwọ̀, fọ́ odi ìyàsọ́tọ̀ nínú eré náà ní Brooklyn. Nígbà tí Roger Kahn kọ ìwé nípa ẹgbẹ́ yìí kan náà ní 1972, kò dúró sórí iye ayò. Ó tẹ̀lé àwọn akọni náà dé ìgbà tí eré tán, láti mọ bí ayé ti ṣe wọ́n. C.L.R. James, ọmọ Trinidad, sì ti fi kiríkẹ́ẹ̀tì tú àṣírí ìjọba amúnisìn ní 1963. Chinua Achebe pàápàá, ìjàkadì ni ó fi ṣí ìtàn Okonkwo.

Kí ni ó wá ṣe Abẹ́òkúta, ìlú tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní 1859? Ibẹ̀ ni ilé Abiola Babes, ẹgbẹ́ M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ẹgbẹ́ náà ti túká. Orúkọ olówó rẹ̀ ṣì wà lára pápá ìṣeré Kútọ̀. Ọmọ ìlú náà ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó gbá méjì wọlé nínú ayò mẹ́ta tí Nàìjíríà fi borí Àlìjíríà ní Èkó ní 1980. Ìyá tí ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì pápá, ọmọ iṣẹ́ tí ó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ lọ wòran, aládùúgbò méjì tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan: ìtàn wo ni òǹkọ̀wé tún ń wá kiri?

Èdè kọ́ ni kò tó o sọ. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ti ní aṣọ́lé, wọ́n ní atamátàsé, wọ́n sì yá ayò lọ́wọ́ ọlọ́pọ́n. Àwọn atẹ̀wétà a máa wí pé ìwé tí kò bá sí nínú ìlànà ìdánwò kò ní tà. Ó dára, ṣé kì í ṣe àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí wọ́n béèrè fún un?

Olùkọ́ tí ń bú bọ́ọ̀lù yìí kan náà ni yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó wò, láìní ojú ìwé kan tí yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe fún un. Ọmọ náà a ronú lédè Gẹ̀ẹ́sì, a túmọ̀ rẹ̀, olùkọ́ a sì fi bíírò pupa fa ilà sí gbogbo rẹ̀.