Oko Ẹ̀gbọ́n Baba Ẹni Kì í Ṣe Ilẹ̀ Àjèjì

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fa ìlà la ilẹ̀ wa já. Kétu àti Pọbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi àwọn baba wa léèrè.

Ṣùgbọ́n ìlà tí àwa fúnra wa fà sí ọkàn ni a ń bá wí lónìí. Ọmọ Ìlaròó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, kò mọ ọ̀nà oko tí ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ń dá lẹ́yìn Pọbẹ̀. “Ará Kútọnù” ni ó ń pè é! Kí ni àwáwí rẹ̀? Àdéhùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ọdún 1979 yọ̀ǹda 90 ọjọ́ láìgba físà. Lóòótọ́, ìjọba ti ẹnubodè Ìdíròkò pa ní 2019. Wọ́n sì tún ṣí i ní 2022.

Bí àwọn àgbà tí ó mọ ara wọn bá lọ tán, èwo ni èdè tí ọmọ elédè Faransé àti ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò fi kí ara wọn lórí oko baba wọn, bí kì í bá ṣe Yorùbá?

Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí oko náà. Kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n bá wọn wa iṣu, kí wọ́n sì mọ orúkọ ẹbí wọn.