Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Nu Láptọ́ọ̀pù Yín

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Inú láptọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa wà. Ibẹ̀ náà ni ohùn àwọn àgbà tí a lọ gbà sílẹ̀ wà.

Ọ̀kan nínú wa ló fẹ́ fi Ubuntu sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Kò fẹ́ yọ Windows kúrò. Ó fẹ́ kí méjèèjì jọ máa gbé ibẹ̀, kó lè mú èyí tó bá wù ú nígbà tó bá tan ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. A gbé e sórí fíláàṣì, a jókòó ti iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnìkan ti sọ fún wa pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ohun kan tí wọ́n ń pè ní Secure Boot. A pa á. Fíláàṣì ṣí, Ubuntu ń bi wá ní ìbéèrè, à ń dáhùn. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ àyè tí yóò gbà, ó ní àfi kí a padà sínú Windows lọ pa BitLocker ná. A ní kò burú, a tún ẹ̀rọ tàn.

Windows kò wọlé mọ́. Ojú búlúù kan ló yọ sí wa, ó ní kí a tẹ nọ́ńbà 48. Nọ́ńbà wo? Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Àbúrò, Ubuntu yín ti jẹ Windows. Kò sọ́nà míì, àfi ká fọ́ọ̀máàtì ẹ̀. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́." Ọ̀rẹ́ wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn fáìlì mi ńkọ́?" Ó ní, "Ìyẹn ti lọ nìyẹn."

Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni ẹkún ìyàwó tí ọ̀rẹ́ wa gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní abúlé wọn lápá Ọ̀yọ́. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà tó ti sun ẹkún náà fún un ni àárẹ̀ ti gbé e dè, kò lè jókòó pẹ́ mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò sun ẹkún. Ọ̀rẹ́ wa sì ti pa àwọn ohùn náà rẹ́ lórí fóònù nítorí pé fóònù kún. Ẹ̀bi wa ni ìyẹn, a kò ní í dì í ru ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bí a bá ní kí wọ́n nu ẹ̀rọ náà, kò sí owó tí a lè fi ra ohùn ìyá yẹn padà.

A gbé láptọ́ọ̀pù wa, a padà sílé. A bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ohun tí a yí padà gbẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí? Ubuntu kò tíì wọlé rárá, nítorí náà kò lè jẹ ohunkóhun. Secure Boot nìkan ni a fọwọ́ kàn.

Òun gan-an sì ni. BitLocker ni kọ́kọ́rọ́ tí Windows fi ń ti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ pa, kí olè tó bá jí i gbé má baà rí fáìlì kà. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, Windows fúnra rẹ̀ ló ń tì í nígbà tí a bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè má mọ̀. Tí ó bá rí i pé a ti yí bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn padà, á fura, á ní kí a mú nọ́ńbà 48 wá. Fáìlì kankan kò bàjẹ́. Ilẹ̀kùn ló tì. Ta ló sì máa wó ilé nítorí pé kò rí kọ́kọ́rọ́?

Inú àkáǹtì yẹn náà ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Ọ̀rẹ́ wa ti gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. A fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbà á padà, a wọlé, a rí nọ́ńbà 48 náà, a tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Windows ṣí. Ẹkún ìyàwó wà níbẹ̀ pé pérépéré. Kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn, a dà á kọ sí ibi méjì.

Ẹ̀yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé Ubuntu máa ń ṣiṣẹ́ bí Secure Boot bá tilẹ̀ wà ní títàn. A kàn ń pa ohun tí kò dí wa lọ́wọ́ ni. A tàn án padà, a pa BitLocker láti inú Windows, a dín àyè Windows kù, a sì fi Ubuntu síbẹ̀. Ìṣòro méjì tún yọjú. Àkọ́kọ́, tí a bá tan ẹ̀rọ, tààrà ló ń lọ sínú Windows bí ẹni pé Ubuntu kò sí níbẹ̀. Ètò títàn ẹ̀rọ ni a ṣí, a gbé Ubuntu síwájú Windows, ó parí. Èkejì, aago Windows ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tí a bá ti inú Ubuntu bọ̀. Ẹlòmíràn á ní bátìrì aago ló kú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Windows gbà pé aago Nàìjíríà ló wà nínú ẹ̀rọ, Ubuntu gbà pé UTC ni, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Àṣẹ kan ṣoṣo tí a tẹ̀ nínú Ubuntu ló yanjú rẹ̀: timedatectl set-local-rtc 1.

Èrò wa nìyí: fífọ́ọ̀máàtì ló yẹ kó kẹ́yìn, kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. A kò bá ẹ̀gbọ́n tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jà. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa oníbàárà náà la sì máa ń sọ pé, "Ẹ sáà jẹ́ kó tàn." Ẹni tó bá ní kó sáà tàn, títàn nìkan ni wọ́n máa bá a ṣe.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìyí. A kò gbà. Nígbà tí a bá lọ gba ewì sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, wọ́n kọ́ wa pé kí a kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́, kí a tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ sójú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà sínú ìwé. Ẹ yí ẹyọ kan, ẹ wò ó, kí ẹ tó yí òmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Ubuntu, kó kọ́kọ́ lò ó láti orí fíláàṣì láìfi sínú ẹ̀rọ. Bí kò bá wù ú, kó yọ fíláàṣì rẹ̀. Bí ó bá wù ú, kó da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn, kó wá nọ́ńbà 48 rẹ̀ jáde, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ wo àkáǹtì yín lónìí. Ẹ lè má fẹ́ Ubuntu láyé yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú búlúù yẹn bá yọ, kò ní í bi yín bóyá ẹ ti múra sílẹ̀.