Ẹ Má Gan Iyanrìn

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹni tí ó bá rin Múṣín kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé yóò rí omi ìfọṣọ, omi ìwẹ̀ àti omi àwo tí ìdílé mẹ́wàá nínú ilé kan ń dà sí gọ́tà. Ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń darí sí, ọ̀sà tí àwọn ará Mákòkó ń pẹja nínú rẹ̀. Bí òjò bá dé, gọ́tà a kún, ẹ̀gbin a padà wọlé tọ ẹni tí ó dà á. Oṣù kẹfà ọdún 2024 kò tí ì jìnnà, nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó.

Bí a bá ní kí a fi iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú sẹ́ omi yìí kí ó tó wọ gọ́tà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rọ olówó ńlá láti òkè òkun ni kí a máa retí. Èmi kò gbà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1892? Odò Elbe kan náà ni Hamburg àti Altona ń pọn. Altona tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí ẹ̀gbin Hamburg ń ṣàn dé. Ṣùgbọ́n Altona ń fi iyanrìn sẹ́ omi tirẹ̀. Hamburg kò sẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí onígbáméjì dé, ó pa ju 8,000 ènìyàn lọ ní Hamburg. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí pa ní Altona. Ṣé iyanrìn ni ó yẹ kí a máa tijú?

Wọ́n tún ní omi ń falẹ̀ jù nínú iyanrìn. Ìfalẹ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀! Ní ọdún 1856, Henry Darcy ará Faransé fi hàn pé bí omi orí iyanrìn bá ti ga tó ni yóò ti yára kọjá tó. Bí iyanrìn bá sì ti nípọn tó ni yóò ti falẹ̀ tó. Omi tí ó bá sáré kọjá, tòun ti ẹ̀gbin rẹ̀ ni. Èyí tí ó bá rọra sun, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń gbé lórí iyanrìn a jẹ nínú ẹ̀gbin rẹ̀. Àwọn ìyá wa aláró mọ èyí tipẹ́: wọn a kó eérú sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, wọn a da omi lé e, wọn a sì dúró kí ó máa kán tó, tó, tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èdè wa pàápàá jẹ́rìí: omi a ṣàn, a sun, a jò, a ro, a kán, ológì a sì fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ẹni tí ó ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà.

Èmi kò sọ pé omi bẹ́ẹ̀ di mímu, tàbí pé kí a da omi ṣáláńgá sí i. Iyanrìn a sì máa dí. A ní láti máa ha orí rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣọ́bìrì nìyẹn, kò béèrè owó òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín wá da omi ìfọṣọ yín sí i, kí a jọ wo èyí tí yóò jáde nísàlẹ̀.