Kókó Ojú Kò Tọ́ sí Ìpara Ajónilára
Àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọjọ́ orí ṣe ń ga kì í ràn, wọn kì í sì í di jẹjẹrẹ; wọ́n sábà máa ń wà nínú ìdílé. Kí ló wá dé tí a fi ń ra ìpara ajónilára láti fi pa wọ́n? Àpá tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ lára awọ dúdú lè burú ju kókó náà lọ. Ẹlòmíràn á ní, bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yára dàgbà, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti jẹjẹrẹ awọ lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́: abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa olórin Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀.